Ìwé Ikú Jàríátù

Sokodé,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, 1983

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ti ń nira fún mi báyìí. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò. Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ inú mi ń yí dáadáa, oṣù kẹfà rèé. Yàhàyá ọkọ mi ń kí yín. Ilé ìwé tó ti ń kọ́ni kò tíì wọlé, ilé ló wà tó ń kan ibùsùn ọmọ. Ó ti kàn án wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kú ọ̀fọ̀ Jàríátù, ọmọ Àwẹ̀ró. Kàsúmù awakọ̀ sọ fún mi pé ẹrẹ̀ kún ọ̀nà Kambolé, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ ti kámíọ̀ akẹ́rù náà tòun ti òkú nínú rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún yín pé inú kànga ilé ọ̀gá rẹ̀ ló já sí. Bàbá, n kò gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni wọ́n fún ní ìwádìí rẹ̀. Ẹ má rò pé ọlá ni. Nínú gbogbo àwa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wà ní bírò ọlọ́pàá, kò sí ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ilé Alàájì Bàṣírù tí Jàríátù ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún, nítorí òun ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba ní àdúgbò rẹ̀, ó sì mọ àwọn èèyàn ní Lomé. Ọ̀gá wa wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, “Sèínábù, ìwọ ni kó o lọ. Iṣẹ́ kékeré ni, kò ní rẹ̀ ọ́.” Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó rò pé aboyún kò ní lè bẹ̀rẹ̀ wo inú kànga.

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n rí òkú náà. Ògiri etí kànga náà dé igbá àyà mi, Jàríátù kò sì ga tó mi. Ẹni tó bá máa já sínú rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ gùn ún. Garawa wà lórí ìdérí, wọ́n ká okùn rẹ̀ jọ, ó gbẹ. Ẹni tí kò fa omi, kí ló ń wá létí kànga?

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wádìí. Ta ló mú Jàríátù wá sílé Alàájì? Mo sì gbọ́ pé ó wá sílé lọ́dún Ìtúnu: ta ló bá sọ̀rọ̀? Ẹ fọgbọ́n bi Àwẹ̀ró, kó má baà mọ ohun tí mò ń rò. Opó ni, ọmọ náà nìkan ló gbójú lé.

Ọmọ yín,
Sèínábù

*

Kambolé,
Ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, 1983

Sèínábù ọmọ mi,

Àsàlámù aléékù. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìwé kíkọ tí mo kọ́ ní Ṣakí nígbà tí mò ń ṣe alágbàṣe kò tíì fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣú, nítorí náà fara mọ́ ohun tó o bá rí. Iléyá ti kọjá, a dúpẹ́. A ti ń wa iṣu. Iṣu ọdún yìí tóbi, ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀, kò ní ṣe é tọ́jú pẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ sí ìyá rẹ létí ni kò ti jẹun kánú. Aboyún kì í wo òkú, Sèínábù. Aboyún kì í bẹ̀rẹ̀ sí kànga tí èèyàn kú sí. Mo rán ọ nílé ìwé pé kí o di olùkọ́, o ní ọlọ́pàá lo fẹ́ ṣe, mo gbà. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ gbà. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní a kò kọ́ ọ nílé ni? Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ara rẹ kò yá. Kò sí ẹni tí yóò bá ọ jà.

Ní ti ìbéèrè rẹ, kò sí ohun tí mo lè sọ. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń gun ọkọ̀ lọ sí Sokodé, ta ló ń kà wọ́n? Àwẹ̀ró ti gba kádàrá. Ó ní láti kékeré ni Jàríátù ti máa ń sáré jù, pé òun kìlọ̀ fún un títí. Bó ṣe gbà á nìyẹn, ó sì ti ń rí oorun sùn. Jẹ́ kó sùn.

Alàájì náà fi símẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí wa, ó ní kí lèmọ́ọ̀mù ṣàdúà fún ọmọ náà. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́lá ló máa ń rántí ọmọ ọ̀dọ̀.

Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Bàbá rẹ,
Hàrúnà

*

Sokodé,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, 1983

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣu wíwà. Mo ka lẹ́tà yín. Ìbéèrè méjì ni mo bi yín, ẹ kò dáhùn ọ̀kan. Ẹ bá mi wí nítorí oyún mi, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

Dọkítà tó yẹ òkú wò kí wọ́n tó gbé e wá sílé ti fún mi níwèé. Kò sí omi nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àmì ìka wà lọ́fun rẹ̀. Wọ́n ti pa á kó tó dénú omi. Bàbá, oyún oṣù mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ibi tí mo kà á dé nìyẹn tí ọmọ inú mi fi ta mí nípàá, mo ní láti wá ibi jókòó sí.

Fàúsátù, obìnrin tó ń se oúnjẹ nílé náà, bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jà. A dúró bí ẹni tó ń ṣa ata. Ó ní, “Ọmọ yẹn kò dákẹ́ o. Ó sọ fún mi pé Alàájì ń fipá wọlé tọ òun. Ó sọ fún ìyàwó àgbà, wọ́n gbá a létí. Ó wá lọ sílé lọ sọ fún bàbá tó mú un wá.”

Mo ní, “Bàbá wo?”

“Àgbàlagbà kan ní ìlú yín. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ọdún ni ọmọ náà tún padà dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo ní kí ló tún wá ṣe. Ó ní, ‘Bàbá ní kí n ní sùúrù.’ ”

Alàájì fúnra rẹ̀ wá sí bírò lánàá. Ó wọ aṣọ funfun, ó ń fi orín fọ ẹnu. Ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní àga. Ó ní, “Mo gbọ́ pé ọmọ Kambolé ni ọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni àwọn èèyàn yín. Oṣù mélòó ló kù?”

Mo ní, “Méjì.”

Ó ní, “Máa tọ́jú ara rẹ. Obìnrin tó wà ní ipò yìí lè yọ̀ ṣubú níbikíbi.” Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín.

Bàbá, ẹ bá mi wá àgbàlagbà yẹn. Ìlú wa kò tóbi. Ohun tí Jàríátù bá a sọ lọ́jọ́ ọdún ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé.

Sèínábù

*

Sokodé,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, 1983

Bàbá mi,

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo ti ń retí yín. Kàsúmù búra fún mi pé ọwọ́ yín gan-an lòun fi lẹ́tà sí, pé ẹ kà á, ẹ ká a, ẹ fi sápò. Ṣé ara yín yá? Àbí ìyá mi ni?

Wọ́n ti mú Yàhàyá. Ojú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n ti mú un, lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn rí ìwé tó ń bú ìjọba nínú tábìlì rẹ̀. Yàhàyá tí kì í lè bú ewúrẹ́ tó jẹ iṣu rẹ̀! N kò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí. Èmi ọlọ́pàá ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn bí ìyàwó olè, wọ́n ń wo ikùn mi, wọ́n ń ní kí n lọ sinmi.

Fàúsátù ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n mú un wá, ó tẹ̀ka sí ìwé pé òun kò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Nígbà tó ń jáde, ó rọra sọ fún mi pé, “Ọmọ mẹ́rin ni mo ní.” Ó ti padà sí Goubi, ìlú rẹ̀.

Ọ̀gá mi gbé ìwé kan síwájú mi tí wọ́n ti tẹ̀ tán: Jàríátù yọ̀, ó já sí kànga, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àyè ìfọwọ́sí mi nìkan ló ṣófo. Ó ní, “Fọwọ́ sí i, ọkọ rẹ á wálé. Mo fún ọ títí di ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní òkè àríwá, kò ní sí ní ìkáwọ́ mi mọ́.”

Adájọ́ kan wà níbí, arúgbó tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Mo lọ bá a nílé. Ó ní ìwé dọkítà nìkan kò tó, pé ìwé lè sọnù. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan bá lè dúró níwájú òun, kó ní, “Ọmọ náà sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀,” òun yóò ránṣẹ́ pe Alàájì lọ́jọ́ náà, òun yóò sì béèrè ibi tí Yàhàyá wà pẹ̀lú. Títí di ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni òun náà fi lè dúró.

Bàbá, mo fi ọmọ inú mi bẹ̀ yín. Ẹ wá ẹni yẹn fún mi. Bó bá ń bẹ̀rù, ẹ sọ fún un pé n óò dúró tì í. Ẹ ní n kò ní bi í ju ohun tó bá lè sọ lọ.

Sèínábù

*

Kambolé,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, 1983

Sèínábù,

Lẹ́tà kẹrin tí mo kọ rèé. Mo ti ya mẹ́ta.

Àgbàlagbà tí ò ń wá, èmi ni.

Ṣítù bàbá Jàríátù, ọ̀rẹ́ mi ni, oko wa ló pààlà. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní kí n máa bá òun wo ọmọ òun. Lọ́dún tó kọjá, Alàájì wá ra àgbàdo wa, ó jókòó lórí ẹní mi, ó ní òun ń wá ọmọ tó mọ́ tónítóní tí yóò máa ran ìyàwó òun lọ́wọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé mo rí ọ̀nà àbáyọ fún ọmọ òrukàn. Èmi ni mo bá a gun kámíọ̀, èmi ni mo fa ọwọ́ rẹ̀ lé ìyàwó àgbà lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ni mo padà, n kò yà sọ́dọ̀ rẹ.

Lọ́jọ́ kejì ọdún Ìtúnu, ó wá bá mi lóko. Mò ń tún ebè ṣe. Kò kúnlẹ̀. Ó kàn dúró. Ó ní, “Bàbá, n kò padà sí Sokodé mọ́.”

Mo ní kí ló dé.

Ó ní, “Alàájì kì í jẹ́ kí n sinmi.”

Mo ṣe bí ẹni tí kò yé. Mo ní, “Iṣẹ́ ilé ò lè ṣe kó má pọ̀.”

Ó ní, “Kì í ṣe iṣẹ́, Bàbá.” Ó wá dojú kọ ilẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun rò pé oyún ti dúró.

Ṣé o fẹ́ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, “Èèyàn ńlá ni. Bó bá jẹ́ oyún ni, yóò fẹ́ ọ. Padà lọ, ní sùúrù. Má sọ fún ìyá rẹ.” Ó wò mí títí. Ó ní, “Mo gbọ́, Bàbá.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó bá mi kó koríko tí mo ti ro jọ, ó sì lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, mo wà nínú àwọn tó gbé e wọ sàréè. Àwẹ̀ró dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn pé mo ṣe bíi bàbá.

Ẹ̀rù bà mí, Sèínábù. Mo bẹ̀rù Alàájì, nítorí ta ni n óò jẹ́ níwájú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo bẹ̀rù jù. Nígbàkúùgbà tó o bá kọ̀wé pé kí n wá àgbàlagbà yẹn, ṣe ló máa ń dà bíi pé o ti mọ̀, pé ńṣe lo fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Mo ń bọ̀. N óò dúró níwájú adájọ́, n óò sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Kámíọ̀ òní ti lọ kí n tó kọ ọ́ tán. Ti Sátidé kún fún iṣu, Kàsúmù ní kò sí àyè èèyàn, àmọ́ yóò bá mi mú lẹ́tà yìí dání. Lọ́jọ́ Ajé, n óò gbéra. Má fọwọ́ sí nǹkan kan. Dúró dè mí.

Bàbá rẹ

*

Sokodé,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹwàá, 1983

Bàbá,

Ẹ má wá. Kàsúmù ń padà lọ lọ́wọ́ báyìí, mo sì ń sáré kọ èyí kó lè bá yín nílé.

Mo fọwọ́ sí i ní Jímọ̀. Mo dúró títí wọ́n fi kírun tán, mo ń wo ibùdókọ̀ láti ojú fèrèsé, pé bóyá àgbàlagbà kan yóò sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ọ̀gá mi gbé kálàmù síwájú mi. Ìwé dọkítà ti kúrò nínú fáìlì, kò sí ẹni tó mọ bó ṣe rìn.

Yàhàyá dé lánàá. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé ká mọ́. Ó bi mí léèrè ohun tí mo fi gbà á, mo sọ fún un. Ó kọjú sí ògiri. Láti àná, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ yìí. Mo kà á ní ìdúró. Mo gbé ikùn mi lọ bá adájọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Níjẹta ni mo ń wá ìwé yìí. Lónìí, orúkọ rẹ ti wà lábẹ́ ìwé ọ̀gá rẹ. Bí mo bá ṣí ẹjọ́ náà, ìwọ ni wọ́n máa ní kí n kọ́kọ́ tì mọ́lé, pé o kọ irọ́ sínú ìwé ìjọba. Ṣé inú ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ bímọ sí?” Ó dá lẹ́tà yín padà fún mi.

Ọjọ́ méjì, Bàbá. Lẹ́tà mi àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí iṣu ṣì wà nínú ilẹ̀.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń parọ́ jókòó nídìí iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ wọ́n lójú, mo mọ̀ wọ́n lóhùn. Tiyín ni n kò mọ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní à-bí-dí. N kò ní ẹnu tí mo lè fi bú yín. Ẹ fi sùúrù ṣe tiyín, mo fi kálàmù ṣe tèmi.

Wọ́n ti mú mi kúrò nídìí ìwádìí. Ìwé ìdánimọ̀ ni n óò máa lẹ fọ́tò sí. Wọ́n ní àwọn yóò fi ìwé tí mo fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí báálẹ̀ yín, kí wọ́n kà á fún Àwẹ̀ró.

Sèínábù

*

Kambolé,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá, 1983

Sèínábù ọmọ mi,

O kú ìnira. Ìyá rẹ yóò bá Kàsúmù wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó lè wà pẹ̀lú rẹ nígbà ìkúnlẹ̀. Mo ti sọ ohun gbogbo fún un. Ó ń se oúnjẹ mi, ó ń gbé e kalẹ̀, ó ń lọ.

Wọ́n ti ka ìwé rẹ fún Àwẹ̀ró níwájú ilé báálẹ̀. Ó ní, “A dúpẹ́,” ó sì lọ sílé. Ìdúpẹ́ yẹn ni n kò lè gbà mọ́ra. Ní ọjọ́ kẹta mo lọ bá a. Ó ń yín àgbàdo. Mo jókòó sílẹ̀, n kò jókòó lórí àpótí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ẹní mi títí dé oko.

Kò dẹ́kun àgbàdo yínyín. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ọmọ yín ló kọ ìwé tí wọ́n kà fún mi. Ó ní ọmọ mi yọ̀ ni. Ẹ̀yin wá ní wọ́n pa á ni. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó ní, “Ọlọ́pàá ni òun. Àgbẹ̀ lẹ̀yin.” Ó tún mú àgbàdo mìíràn. Ó wá ní, “Bó bá jẹ́ òótọ́ lẹ sọ, a jẹ́ pé ọmọ mi wá sílé, ó sọkún lójú yín, èmi sì wà nílé tí mò ń ro tuwó ọdún, n kò mọ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ẹ dìde lọ sílé yín.”

Mo dìde. Láti ọjọ́ náà, bí a bá pàdé lọ́nà omi, ó máa ń kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ní kì í sùn mọ́.

Mo rò ó pé bí Ọlọ́run bá fi obìnrin ta ọ́ lọ́rẹ, kí o sọ ọ́ ní Jàríátù. Ohun tó kù tí mo lè rò nìyẹn.

Bàbá rẹ,
Hàrúnà

*

Sokodé,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejìlá, 1983

Bàbá mi,

Mo bí obìnrin ní ọjọ́ kejì oṣù yìí. Ọmọ wà láàyè, èmi náà wà láàyè. Ìyá mi ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, wọn kò dárúkọ yín rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Yàhàyá máa ń fi ọwọ́ òsì gbé e. Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ti oúnjẹ àti ti omi.

A kò sọ ọ́ ní Jàríátù. N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa pe orúkọ yẹn láàárọ̀ lálẹ́ kí n sì máa rí ẹni tó ń dáhùn. Orúkọ ìyá Yàhàyá la fún un.

Ìwé kan wà nínú lẹ́tà yìí tí mo dì lọ́tọ̀. Èdè wa ni mo fi kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ògiri kànga, okùn tó gbẹ, ìka lọ́fun, oyún, ọ̀rọ̀ Fàúsátù láìdárúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín pẹ̀lú orúkọ yín. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni ìwé àkọ́kọ́, pé èmi Sèínábù ọmọ Hàrúnà ni mo fọwọ́ sí i, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fọwọ́ sí èyí náà.

Kò wúlò nílé ẹjọ́ kankan. Alàájì wà nílé rẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún fi í joyè ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé yìí wá sí bírò wa lè fi tì mí mọ́lé. Nítorí náà, Àwẹ̀ró ni kí ẹ fún. Òun ló ni ín. Kó fi pamọ́, kó jó o, kó mú un wá bá àwọn ọ̀gá mi, èyí tó bá wù ú ni kó ṣe. N kò ní sá.

Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ gbọ́. Bó bá ní òun fẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kà á fún un, ẹ má rán ẹlòmíràn. Ẹ kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́.

Sèínábù